Ìlà Tí Bàbá Tépù Fà

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Káfíńtà ni, ní yunifásítì kan tó jẹ́ ti ìjọ Àgùdà, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń kan àga níbẹ̀, tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe, tó ń gbé àgbélébùú kọ́ sára ògiri àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Tépù ìwọ̀n kì í kúrò ní ìbàdí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ tábìlì ni yóò kọ́kọ́ bojú wò, bóyá ó dọ́gba. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé nígbà tí wọ́n gbé àkọ́bí àwọn lé e lọ́wọ́ ní ilé ìgbẹ̀bí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Eléyìí á tó íńṣì ogún." Bàbá Tépù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò bínú sí i. Ó ní ó sàn kí wọ́n fi iṣẹ́ ẹni sọ ẹni lórúkọ ju kí wọ́n fi ìwà ẹni sọ ọ́ lọ.

Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà tóbi. Ṣọ́ọ̀ṣì wà láàárín rẹ̀, pápá ìṣeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sì yí wọn ká bí ọmọ ṣe ń yí ìyá ká. Àwọn Àgùdà ló ni ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan ló ń kàwé níbẹ̀. Bí agogo àárọ̀ bá dún, àwọn kan á gba Máàsì lọ. Àwọn kan á ti máa kọrin ìjọ tiwọn nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n tọrọ. Àwọn mùsùlùmí á ti kírun tán kó tó dìgbà náà. Àwọn tó ní àwọn kò ṣe ẹ̀sìn kankan á yíjú sí ògiri, wọ́n á padà sùn. Bàbá Tépù kò fi ọ̀rọ̀ wọn da ara rẹ̀ láàmú. Ilẹ̀kùn ni tirẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Òun fúnra rẹ̀, Àgùdà ni láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ó ń lọ sí Máàsì lọ́jọ́ Àìkú, ó ń ka rósárì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò sì ronú kọjá ibẹ̀. Ẹ̀sìn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn dáadáa: ó ń ṣí, ó ń tì, kì í ké.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ilẹ̀kùn ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ apoògùn ló wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí. Akọ̀wé náà ni gbogbo ọgbà ń pè é. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i, ó wá dúró, ó ń yí fóònù ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Bàbá, kápẹ́ẹ̀tì tuntun ti dé. Wọ́n ní kẹ́ ẹ bá wa tẹ́ ẹ sí yàrá ìkírun."

"Kò burú. Mo mọ yàrá yẹn bí ẹni mowó. Èmi ni mo tẹ́ èyí tó wà níbẹ̀, èmi ni mo fa ìlà rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ìlà yẹn gan-an ni, Bàbá." Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó dà bíi pé kò gún."

Ká ní ó sọ pé Bàbá Tépù jalè ni, ọkùnrin náà ì bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ pé ìlà rẹ̀ kò gún! Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ta ló ní kò gún?"

"Fóònù ni, Bàbá. Mo gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ láti mọ ibi tí kíbúlà wà, ìyẹn apá ibi tí Mẹ́kà wà, tá a gbọ́dọ̀ kọjú sí bá a bá ń kírun. Ibòmíràn ló ń tọ́ka sí. Mo ní bóyá fóònù tèmi ló bàjẹ́, mo bá gba ti ọ̀rẹ́ mi. Òun náà tún tọ́ka síbòmíràn ọ̀tọ̀. A gba ẹ̀kẹta, òun náà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ."

"Fóònù mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta?"

"Mẹ́ta, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá ìlà yín mu nínú wọn."

Bàbá Tépù rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa lọ, pé òun á yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ẹ̀rín ọ̀hún kò tíì kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ọdún kẹrìnlá rè é tó fa ìlà náà. Fáda àgbà tó wà níbẹ̀ nígbà náà ló fún àwọn mùsùlùmí ní yàrá tí wọ́n ń kó àga kíkán sí. Ẹni tó bá wọn tọrọ rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tí wọ́n ń pè ní Àlájì. Àlájì yìí kò dé Mẹ́kà rí láyé rẹ̀. Ìrùngbọ̀n rẹ̀ tó funfun tó sì gún régé ló sọ ọ́ ní Àlájì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun àti Bàbá Tépù ti ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ kí yàrá náà tó wáyé. Lọ́sàn-án, bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, ẹsẹ̀ Bàbá Tépù á gbé e dé ilé ẹ̀ṣọ́, wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹni tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ń ro ó jù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó tún yàrá náà ṣe, Àlájì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò lè fi géètì sílẹ̀. Ó fún un ní kọ́ńpáàsì kékeré kan, èyí tí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ máa ń tọ́ka sí àríwá, ó sì kọ iye tó yẹ kó kà lára rẹ̀ sínú ìwé pélébé. Bàbá Tépù gbá yàrá, ó yọ àgbélébùú tó wà lára ògiri, ó gbé e lọ fún Fáda. Ìṣó tó gbé e kọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù, torí pé ó ti jinlẹ̀ jù. Láti ọjọ́ yẹn ni Àlájì ti ń fi fìlà iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ìṣó náà bó bá fẹ́ kírun. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá àrífín ni tàbí kì í ṣe àrífín, kò sì sí ẹni tó béèrè.

Bó ṣe wọn ìlà náà ń padà bọ̀ sí i lọ́kàn báyìí. Ilẹ̀ rí gbágungbàgun lọ́jọ́ náà, òun sì kórìíra kí wọ́n gbé ohun ìwọ̀n sórí ibi tí kò tẹ́jú. Ó wá ibi tó tẹ́jú jù nínú yàrá, ó gbé kọ́ńpáàsì lé e. Kí ni ibi tó tẹ́jú ọ̀hún? Orí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ni.

Bàbá Tépù dìde. Kọ́ńpáàsì kékeré náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì onípákó, abẹ́rẹ́ mì díẹ̀, ó dúró. Ó gbé e sórí àpótí irinṣẹ́. Abẹ́rẹ́ yí gbirigbiri bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn, ó wá dúró síbòmíràn pátápátá. Irin ni àpótí náà. Òòlù, ayùn àti ìṣó ló kún inú rẹ̀.

"Yé!" ni ó wí, òun nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù. "Mo gbé!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ láti ka rósárì, ó ń wo ògiri yìí, ó ń wo ògiri yẹn.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ̀ ń wá?"

"Apá ibo la kọjú sí?"

"Apá ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà."

"Mi ò sọ ìyẹn. Mo ní, lójú Ọlọ́run."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Ṣé Ọlọ́run ló sọnù ni, àbí ẹ̀yin?"

Bàbá Tépù bẹ̀rẹ̀ rósárì. Kì í ṣe pé ó gbà pé ibi kan ṣoṣo ni Ọlọ́run wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà pé ó yẹ kí àwọn kọjú sí ibì kan gbé ọ̀rọ̀ náà lé òun lọ́wọ́, òun sì bà á jẹ́. Bí èèyàn bá gbé ọmọ fún ọ dì mú, tí o jẹ́ kó ṣubú, ṣé o máa wá sọ pé kì í ṣe ọmọ tìrẹ? Àti pé ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni Àlájì ń fẹ̀yìn tì. Ó ti ń di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé rẹ̀, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí ọgbà. Bí òun kò bá sọ fún un kó tó lọ, òun ti fi irọ́ sin ọ̀rẹ́ òun sọ́nà. Bí òun bá sì sọ ọ́, ìrun ọdún mẹ́rìnlá ni òun fẹ́ dà nù mọ́ ọn lójú lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Fáda tó wà níbẹ̀ báyìí kéré sí i lọ́jọ́ orí, ọmọlúàbí sì ni.

"Ẹ bù kún fún mi, Fáda, mo ti ṣẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá."

"Mo ṣi àwọn èèyàn lọ́nà lórí àdúrà."

"Àwọn wo?"

"Àwọn mùsùlùmí, Fáda."

Bàbá Tépù ń gbọ́ bí àga tí Fáda jókòó lé ṣe ń dún. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wá fi ìṣó mú ẹsẹ̀ àga náà.

"Ṣé ẹ ní kí wọ́n má kírun ni?"

"Rárá o! Wọ́n kírun dáadáa. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n kọjú síbi tí kì í ṣe ibẹ̀."

"Ibo wá ni wọ́n kọjú sí?"

"Téèyàn bá tọ ìlà mi jáde, Fáda, ilé ìdáná àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa kọ́kọ́ kàn."

Fáda wúkọ́. Ikọ́ náà pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Àpótí ni."

"Ohun tẹ́ ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Kí ló wá dé tó fi wúwo tó báyìí?"

Ohùn Fáda kò dà bíi ti ẹni tó ń ka ìwé mọ́. "Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá yìí, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Ó dà bíi pé ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ jẹ́wọ́ fún wà lẹ́nu géètì."

Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú, Bàbá Tépù lọ sí ilé ẹ̀ṣọ́. Àlájì ń da omi tíì sínú ife.

"Tépù! Wá jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Àlájì. Tiyín ńkọ́?"

"Tèmi ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi." Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Kí ló dé tó o dúró bí ẹni tí wọ́n rán wá gbowó orí?"

Bàbá Tépù kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: fóònù mẹ́ta, kọ́ńpáàsì, àpótí irin. Ó sọ ọ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, torí pé bí ọ̀rọ̀ bá burú, ó máa ń rò pé tító rẹ̀ dáadáa á dín in kù. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Àlájì gbé ife sílẹ̀.

"O wí pé ìlà yẹn kò dára."

"Kò dára, Àlájì. Ẹ dárí jì mí."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Àlájì ń wo ojú ọ̀nà. "Ṣé o mọ̀ pé mi ò dé Mẹ́kà rí, Tépù. Wọ́n ń pè mí ní Àlájì, mò ń jẹ́. Àárẹ̀ ìyàwó mi, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ tèmi náà, báyìí-báyìí, ọjọ́ lọ. Kíkọjú tí mò ń kọjú síbẹ̀ yẹn, òun ni lílọ tí mo lọ."

Ọkọ̀ kan dé, ó fun fèrè. Àlájì dìde, ó ṣí géètì, ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú ìwé. Kò padà jókòó. Ó dúró sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ míràn, kò sì sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀. Bàbá Tépù dúró títí, ó wá rọra lọ. Láti ogún ọdún, ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Àlájì kò ní kí ó bá òun kí ìyàwó.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó wọ yàrá ìkírun lọ, òun nìkan, láti ká kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ó yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó kàn síwájú yàrá ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn láti fi ìlà rẹ̀ hàn. Ó kúnlẹ̀ láti fi ọ̀bẹ ṣí etí kápẹ́ẹ̀tì náà, ojú rẹ̀ wá bọ́ sí igun iwájú, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí Àlájì máa ń dúró sí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ti jẹ. Ojú orúnkún méjì ló wà níbẹ̀, roboto, tí irun kápẹ́ẹ̀tì ti tán lójú wọn, àti ojú ẹyọ kan níwájú, níbi tí iwájú orí máa ń kanlẹ̀.

Ẹni tí ìwọ̀n bá ti di bárakú fún kì í lè wo ohun mẹ́ta kó má fa ìlà já wọn. Bàbá Tépù fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín orúnkún méjèèjì, ó fa ìlà láti ibẹ̀ dé ojú iwájú orí. Ó gbé irin onígun tó fi ń wọn igun lé e. Ó tún un gbé. Ó bọ́ jígí, ó wọ̀ ọ́ padà.

Ìlà náà kò bá tirẹ̀ mu. Ó yẹ̀ sí òsì, síhà fèrèsé, bí àtẹ́lẹwọ́ kan gbáko. Láti ọdún mẹ́rìnlá, Àlájì kò fìgbà kan kọjú síbi tí Bàbá Tépù ní kó kọjú sí.

Orí ilẹ̀ ni ó ṣì jókòó sí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Akọ̀wé ló ṣáájú, Àlájì tẹ̀ lé e, fìlà lọ́wọ́. Àlájì rí ìlà ṣọ́ọ̀kì náà, ó dúró sójú kan.

"Ẹ mọ̀," ni Bàbá Tépù wí.

Àlájì fi fìlà kọ́ ìṣó. Ó pẹ́ kó tó ṣe é tán. "Mo fura."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo wo oòrùn lójú fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní ìlà ọkùnrin yìí wọ́. Mo bá ń yí ara mi díẹ̀."

"Ẹ kò sì sọ fún mi!"

"Kí n sọ kí ni? Yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa! Kí wọ́n wí pé àwọn mùsùlùmí yìí, a fún wọn nílé, wọ́n tún ń ṣàríwísí ilẹ̀? Ìwọ náà, ọjọ́ ìsinmi rẹ lo fi ṣe é. Mo ní kí n má dójú tì ọ́."

"Ṣùgbọ́n, Àlájì," ni Akọ̀wé wí jẹ́jẹ́, "àwọn tó wà lẹ́yìn yín ńkọ́? Gbogbo àwa tá a tò sórí ìlà?"

Àlájì wo ọmọ náà. Ìgbà náà ni Bàbá Tépù mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dúró sínú oòrùn lánàá. Kì í ṣe òun ni Àlájì ń bínú sí, ara rẹ̀ ni. Bàbá Tépù kò wá mọ èyí tó yẹ kí òun ṣe: kí òun bínú pé wọ́n fi òun sílẹ̀ nínú àìmọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, tàbí kí òun dúpẹ́ pé ó kéré tán, ìrun ẹnì kan gún nínú gbogbo wọn. Ó fẹ́ ṣe méjèèjì. Kò rí èyíkéyìí ṣe.

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe kọ́ńpáàsì, kì í ṣe fóònù. Férémù irin ló wà lára fèrèsé méjèèjì yìí, irin ló wà nínú òpó. Ìyẹn ló ń da fóònù yín rú. Ìta la máa lọ."

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti fi ọ̀nà kan hàn án nígbà èwe rẹ̀, tí wọ́n fi ń mọ bí oòrùn ṣe ń rìn kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Ó ri ọ̀pá kan mọ́ àárín pápá ìṣeré, ó so òkúta mọ́ okùn láti rí i pé ọ̀pá náà dúró ṣánṣán. Kí ó tó di ọ̀sán gangan, ó sàmì sí ibi tí orí òjìji ọ̀pá dé, ó sì fi okùn fa òbìrí, ìyẹn ìlà roboto, yí ọ̀pá ká gba ibẹ̀. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń dúró. Òjìji kúrú, ó kúrú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Fáda kọjá, ó rí àwọn àgbàlagbà méjì àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀pá, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé, òun náà jókòó tì wọ́n. Nígbà tí òjìji padà kan òbìrí náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Bàbá Tépù sàmì, ó sì fa okùn láti àmì kan dé èkejì.

"Ìlà-oòrùn rè é, ìwọ̀-oòrùn rè é. Kò sí irin níbẹ̀."

Fáda wo okùn, ó wo ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún wo okùn. "Bàbá, ṣebí wọ́n ní pẹpẹ wa kọjú sí ìlà-oòrùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ, Fáda."

"Okùn yín kò sì bá a mu."

Bàbá Tépù ti rí i kí Fáda tó rí i. Ó sì ti pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀. "Kò bá a mu, Fáda."

Fáda fọwọ́ pa àgbọ̀n. "Ẹ jẹ́ ká yanjú tòní ná."

Akọ̀wé ti gba iye dígírì tó péye lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ kan tó mọ àwòrán ilẹ̀ ayé. Wọ́n wọ̀n ọ́n láti ara okùn ìlà-oòrùn, wọ́n fa okùn gígùn kan láti pápá, ó gba ojú fèrèsé wọ yàrá. Fáda di orí okùn mú ní pápá, Akọ̀wé dúró sójú fèrèsé kó má baà kan férémù, Àlájì di ìdí rẹ̀ mú nínú yàrá, Bàbá Tépù sì dọ̀bálẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀.

Ó dìde, ó nawọ́ sí àmì náà. Àlájì náà rí i. Okùn náà yẹ̀ kúrò lára ìlà àtijọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ló yẹ̀ sí. Apá òsì ni Àlájì sì ti ń yí sí láti ọdún mẹ́rìnlá.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi," ni Fáda ń pariwo láti pápá, torí pé kò rí nǹkan kan. "Ṣé ó ti bọ́ sí i?"

"Fáda," ni Bàbá Tépù dá a lóhùn, "èmi ṣìnà. Àlájì rí i pé mo ṣìnà, ó tún un ṣe, ó wá ṣìnà jù mí lọ."

Àlájì ṣì di ìdí okùn náà mú. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, Akọ̀wé sì ti fẹ́ sáré lọ bá a, àfi bí ẹ̀rín ṣe bú lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń ṣàn wọ inú ìrùngbọ̀n rẹ̀, kò sì yé ẹnikẹ́ni nínú wọn ibi tí ẹ̀rín parí sí tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀.

"Tépù," ni ó wí nígbà tó rí èémí mí, "ọgbọ́n tèmi náà ńkọ́!"

Lọ́jọ́ Ẹtì, kápẹ́ẹ̀tì tuntun ti wà nílẹ̀, àwọn ìlà funfun ti tò lé e lórí. Nígbà tí wọ́n ń kírun ọ̀sán, Bàbá Tépù dúró sí ìta lẹ́bàá bàtà wọn. Ó ní òun ń wo ẹnu ilẹ̀kùn tó ń ké. Ilẹ̀kùn náà kò ké rárá.

Nígbà tí wọ́n túká, Àlájì jáde, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn láti wọ bàtà.

"Báwo ló ṣe rí, Àlájì?"

"Ọrùn ń ro mí. Ó ti mọ́ ibi àtijọ́ lára."

"Ọdún mẹ́rìnlá yẹn wá ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà á àbí wọn ò gbà á?"

"Akọ̀wé bá wa pe Lẹ́mọ́mù ìgboro lórí fóònù. Ó ní ẹni tó bá wá a dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, bó tilẹ̀ ṣì í, ìrun rẹ̀ bọ́ sí i. Àwọn tó sì tẹ̀ lé e kò jẹ̀bi." Ó so okùn bàtà kan. "Mo wá rò ó lọ rò ó bọ̀. Ta ló wá a? Ìwọ lo gbá ilẹ̀, ìwọ lo wọ̀n ọ́n, ìwọ lo wá ibi tó tẹ́jú. Èmi kò wá nǹkan kan. Mo kàn fura ni, mo yí. Àwọn tó tò sórí ìlà rẹ, wọ́n ti là. Èmi tí mo gbọ́n, èmi ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́."

"Kí ni Lẹ́mọ́mù wá sọ nípa tiyín?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá rí òun."

Bàbá Tépù fọwọ́ họ orí. "Àlájì, ẹ ní wọ́n gba ìrun nítorí wíwọ̀n tèmi, èmi tí mi ò kírun rí, wọn ò sì tíì mọ̀ nípa tiyín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kí i lójoojúmọ́?"

"Òun gan-an nìyẹn."

"Kò yé mi."

"Ṣé èmi ló wá yé?"

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Bàbá Tépù ṣe àmì àgbélébùú sára rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó wá rántí okùn ìlà-oòrùn, ó bojú wo ògiri pẹpẹ, ó tún gbé ojú kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni ó fa ohun kan yọ lábẹ́ apá. Ó ti gé igun kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà, níbi tí ojú orúnkún méjì àti ojú iwájú orí wà, ó ti rán etí rẹ̀ kó má baà tú, ó sì ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà tó péye sí i lórí.

"Ẹ máa gbé e lọ ilé. Ẹ máa kírun lórí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ìlà funfun, ẹ má tẹ̀ lé orúnkún."

Àlájì tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú iwájú orí rẹ̀, ó fi tọ ìlà funfun náà.

"O ṣeun, Tépù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ilé, apá ibo ni kí n tẹ́ ẹ sí?"

Ìlà lórí ohun tó ṣeé ká kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ibi tó máa tẹ́ ẹ sí, Bàbá Tépù tó sì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn nǹkan kò rò ó débẹ̀. Ó fọwọ́ kan tépù ìbàdí rẹ̀.

"Ẹ má fi tẹlifíṣọ̀n wọ̀n ọ́n," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "ẹ má sì gbé nǹkan kan lórí irin. Ẹ ṣe sùúrù ná. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, bí ìrun àárọ̀ yín bá ti kọjá, ẹ máa retí mi. Mà á gbé okùn àti ọ̀pá wá."

"Wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ro ọ́?"

"Ta ló ní tèmi ń ro mí ju tiyín lọ?"

Àlájì ká kápẹ́ẹ̀tì náà, ó fi há abíyá. Ó ti dé ẹnu géètì kó tó rántí, ó wá yí padà, ó pariwo, "Bá mi kí ìyàwó o!" Bàbá Tépù juwọ́ sí i. Ó wá wọ yàrá ìkírun padà láti kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì rí fìlà iṣẹ́ tí Àlájì gbàgbé lórí ìṣó. Ó mú un, ó wò ó, kò mọ̀ bóyá kí òun sáré tẹ̀ lé e tàbí kí òun dá a padà síbi tó wà. Nígbẹ̀yìn ó fi há àpótí irinṣẹ́, láàárín òòlù àti okùn, de Àbámẹ́ta.